Ọkọ̀ Tí Kò Dúró ní Pápá Ìje Ọ̀nà Nkwelle

Ọjọ́ kẹta tí Súlìyát padà dé Onitsha lẹ́yìn ogun, ó rí ipa táyà tuntun níbi tí ọkọ̀ kankan kò lè dé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìje àtijọ́ tó wà lọ́nà Nkwelle Ezunaka, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn igi ọ̀pẹ tí àwọn ọmọ ogun fi dí ẹnu ọ̀nà ṣì wà níbi tí wọ́n wó sí. Yàrà tí wọ́n gbẹ́ la ojú pápá já ti kún fún omi òjò. Koríko ti ga dé àyà ènìyàn. Síbẹ̀, láàrin koríko yẹn, ipa táyà méjì lọ gbọọrọ, ó dé etí yàrà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ní òdì kejì bí ẹni pé kò sí yàrà níbẹ̀. Koríko tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò tíì rọ. Súlìyát bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ gbóná.

Ní igun tó wà níwájú, òkú ọkọ̀ Píjò tí ọkọ rẹ̀ ń wà jókòó síbẹ̀. Iná ti jó o tán, igi sì ti hù jáde níbi tí ẹ́ńjìnnì wà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó dé gan-an ni Máámá Nwakaego, aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́, ti sọ fún un pé ìbọn ńlá ló pa Gàfárù ọkọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà nígbà tí ogun dé etí odò, ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta. Súlìyát wo òkú ọkọ̀, ó tún wo ipa táyà. Òun nìkan ló mọ ohun tí òun rì sábẹ́ ilẹ̀ yẹn.

Ọdún tí a gba òmìnira ni wọ́n la pápá náà. Òyìnbó kan tó ń ta ọkọ̀ àti àwọn ọlọ́kọ̀ èrò mélòó kan ní Onitsha ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ilẹ̀ pupa ni, ó yípo bí ẹyin adìẹ, ó tó máìlì kan àti ààbọ̀. Ẹfun ni wọ́n fi ń fa ìlà kọjá ojú rẹ̀. Lórí ìlà yẹn ni ìje ti ń bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ náà ló ń parí sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ni wọ́n to bẹ́ńṣì sí, lábẹ́ páànù, fún ẹbí àwọn awakọ̀. Àwọn obìnrin a máa ta àgbàdo sísun àti èso ube níbẹ̀, ọmọdé a gun orí igi, eruku pupa a bo gbogbo wọn.

Gàfárù Ìyàndá, ọmọ Ọ̀fà tó ń ta táyà lọ́jà ńlá, ni Yorùbá àkọ́kọ́ tó sáré níbẹ̀. Àwọn èrò kò mọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Bó bá ti yọ ní igun, wọn a hó, “Ọ̀fà! Ọ̀fà!” Súlìyát, ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo nígbà náà tó bí Yúnúsà fún un, ló ń gbé omi àti aṣọ ìnujú lọ. Bí ìje bá parí, Gàfárù a yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀, a di ojú méjèèjì, Súlìyát a sì nu eruku kúrò lójú rẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mọ́ obìnrin náà láyé tó ìnujú yẹn.

Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira ni Gàfárù fẹ́ Bílíkísù. Ọmọ oníṣòwò aṣọ ará Ọ̀fà ni, ṣùgbọ́n Onitsha ni wọ́n bí i sí, Igbo rẹ̀ sì já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run ni Gàfárù, ó fẹ́ ṣe déédé. Ó pín ọjọ́ ìdáná fún àwọn ìyàwó rẹ̀ ní méjì-méjì. Nítorí pé ọjọ́ ọjà mẹ́rin tí àwọn ará Onitsha ń ná ni gbogbo ilé fi ń ka ọjọ́, òun náà fi wọ́n pín in: Eke àti Orie fún ìyáalé, Afọ àti Nkwọ fún ìyàwó. Ẹni tó bá ni ọjọ́ ló ni ọkọ, òun ló ni oúnjẹ, òun náà ló ni ohunkóhun tó bá tẹ̀lé e.

Kò sí ẹni tó ronú kan ìje. Ọjọ́ Àìkú kẹrin-kẹrin ni ìje ń wáyé. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà láàrin ọ̀kan sí èkejì, mẹ́rin lọ́nà méje nìyẹn. Ìje àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó bọ́ sí Nkwọ, gbogbo wọn ni yóò sì máa bọ́ sí Nkwọ títí ayé. Súlìyát kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ọjọ́ ìje tí yóò bọ́ sọ́wọ́ òun mọ́ láéláé.

Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Gàfárù gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ìyá Yúnúsà, ṣé mo dín ọjọ́ tìrẹ kù?”

“Ẹ ò dín in.”

“Ṣé mo fi kún tirẹ̀?”

“Ẹ ò fi kún un.”

“Bí mo bá wá yẹ̀ ẹ́ nítorí tìrẹ, kí ni mo fẹ́ wí lọ́run?”

Bílíkísù tó ń ṣa ìrẹsì nítòsí rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyáalé mi, ẹ má bá wa jà o. Kàlẹ́ńdà ló fẹ́ràn mi.” Eré ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há Súlìyát lọ́fun bí eegun ẹja, kò gbé e mì, kò sì pọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà, ó ń lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ ìje bí àlejò. Ó ń wo Bílíkísù tó ń dúró lẹ́bàá ìlà pẹ̀lú aṣọ ìnujú. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń yọ orí, tó ń di ojú. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ta àgbàdo tọ́ka sí Bílíkísù, ó ní, “Nwunye Ọ̀fà,” ìyẹn ni pé ìyàwó Ọ̀fà nìyẹn. Ó wá yíjú sí Súlìyát, ó sì bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n awakọ̀ náà ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ bá Álífà Síkírù lápá Obosi. Ó sọ pé òun fẹ́ kí ọkọ òun máa padà sọ́dọ̀ òun. Álífà kọ tírà kan, ó fi awọ ewúrẹ́ rán an, ó ní kí Súlìyát fa fọ́nrán òwú kan yọ létí ìró rẹ̀ kí ó fi dì í. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bó ti ń gbé e lé e lọ́wọ́.

“Ibi tí o bá rì í sí ni yóò máa padà sí. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ ni kí o rì í sí. Má gbé e kọjá ibẹ̀.”

Súlìyát gbé e délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí rò ó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni òun àti Bílíkísù jọ ń gbà. Ẹnu ọ̀nà òun ni Bílíkísù ń gbà kọjá kó tó dé tirẹ̀. Bí òun bá rì í síbẹ̀, ta ló mọ ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ fún? Ṣùgbọ́n Bílíkísù kì í gun orí ìlà ẹfun yẹn, ọkọ òun ló ń dúró níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti gba ohun tó jẹ́ tòun. Ní ọ̀sán ọjọ́ Orie kan, tí kò sí ẹnì kankan ní pápá, ó lọ rì í sábẹ́ ìlà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966 ni.

Ìje tó tẹ̀lé e, Gàfárù ló gbẹ̀yẹ. Wọ́n ju àsíá sílẹ̀, èrò hó. Bílíkísù ká aṣọ ìnujú sọ́wọ́. Gàfárù kọjá lára rẹ̀, kò dúró. Ó tún yípo, ó tún kọjá. Èrò rò pé ó ń yangàn ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìgbà kẹjọ, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbà tí epo tán nínú Píjò ló tó dúró. Ó jáde, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Mo rò pé mo ti dúró,” ó wí. “Mo rò pé mo ti dúró tipẹ́.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ sáré ní pápá lọ́jọ́ tí kò sí ìje. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Lọ́jọ́ kan, Bílíkísù wá sí yàrá Súlìyát, ó jókòó sí etí ẹní, ó ní, “Ìyáalé mi, bó bá sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró. Ó ń tẹ ibi tí kò sí nǹkan kan.” Omi wà lójú ọmọbìnrin náà. Ohun tí Súlìyát gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà kò ju pé Bílíkísù ń wo bí ọkọ òun ṣe ń sùn.

Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó lè hú tírà náà lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti ṣàkíyèsí nǹkan kan: bí Gàfárù bá ti dé orí ìlà, yóò yí orí díẹ̀ sápá bẹ́ńṣì, síbi tí òun jókòó sí. Ó ní òun yóò hú u lẹ́yìn ìje kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ní ìje kan sí i.

Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro pé kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìlà-Oòrùn máa lọ sílé. Wọ́n kó ẹrù sínú lọ́rì. Gàfárù ń fi Píjò tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n dé ẹsẹ̀ afárá Odò Ọya, òdì kejì sì ni Àsàbá. Súlìyát bojú wẹ̀yìn, ó rí i tí Píjò rọra yí padà láàrin èrò, bí ẹni tí wọ́n fà létí. Gàfárù kò juwọ́. Ojú rẹ̀ kò sí lára wọn rárá. Èrò tì wọ́n gun orí afárá, kò sì sí àyè láti padà.

Oyún wà nínú Bílíkísù. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí l'Ọ́fà ní ọdún tó tẹ̀lé e, òun àti ọmọ. Kó tó dákẹ́, ó di Súlìyát lọ́wọ́ mú, ó ní bí Bàbá Yúnúsà bá dé, kí ó bá òun nu eruku ojú rẹ̀. Súlìyát ní òun gbọ́. Ó sunkún, ó sì sunkún náà dáadáa. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹkún yẹn, nǹkan kan ń sọ nínú rẹ̀ pé dídé tó bá dé, òun nìkan ni yóò bá.

Ìyẹn ló gbé e padà wá ní 1970, ìyẹn ló sì gbé e dé ibi ipa táyà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn.

Bàbá àgbàlagbà kan jáde láti inú oko iṣu tó wà nítòsí. Pápá Anene ni wọ́n ń pè é, òun ló gbẹ́ sàréè Gàfárù. Ó kí i ní “nne” bí ẹni kí ọmọ rẹ̀, ó sì sọ ní Igbo pé kí ó kúrò níbẹ̀. Ó ní ọkọ̀ kan ń sá yípo ibẹ̀, gbogbo ará Nkwelle ló mọ̀, kì í ṣe ojoojúmọ́.

Súlìyát bi í pé ọjọ́ wo ni.

“Nkwọ tó bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú,” ni bàbá náà wí. “Irú òní yìí.”

Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbá Súlìyát létí. Lójú ikú pàápàá, ọjọ́ Bílíkísù ni ọkùnrin náà ń yàn láti wá.

Pápá Anene wo ojú rẹ̀ títí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní nǹkan kan ló so ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Bí obìnrin yìí bá mọ nǹkan ọ̀hún, kí ó yọ ọ́, kí olóògbé lè lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni Súlìyát fi dúró lọ́dọ̀ Máámá Nwakaego. Kò lè jẹun dáadáa. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó kírun ọ̀sán, ó mú ọkọ́ kékeré, ó lọ. Ẹfun ti wọlẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n òpó bẹ́ńṣì kan ṣì dúró. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́. Tírà náà kò jinlẹ̀. Ikán kò fọwọ́ kàn án. Àwọ̀ òwú ìró rẹ̀ kò ṣí.

Bó ti fọwọ́ bò ó ló gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Kò kọ́kọ́ rí ọkọ̀. Koríko ló ń dùbúlẹ̀ ní ìlà méjì, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà eruku sọ, bẹ́ẹ̀ òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Píjò yọ nínú eruku, odindi, ó kọjá lára rẹ̀ fìrì. Súlìyát fa tírà jáde kúrò nínú ihò. Nígbà tí ọkọ̀ tún yípo dé, eré rẹ̀ ti rọlẹ̀. Nígbà kẹta, ó dúró lórí ìlà.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Òórùn epo àti táyà gbígbóná gba afẹ́fẹ́. Gàfárù yọ orí lójú fèrèsé, ó di ojú méjèèjì. Eruku pupa bo ojú náà bí amọ̀ ara ògiri.

“Bílíkísù,” ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ó rẹ̀ mí. Nu ojú mi kí n máa lọ.”

Súlìyát ti ká etí ìró rẹ̀ sọ́wọ́. Ọwọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wá ro ibi tí yóò lọ. Ó ka àwọn tó ń dúró dè é lọ́hùn-ún: bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni obìnrin kan tó gbé ọmọ dání. Kò sí òkúta wẹ́wẹ́ tí òun lè fi ka iye ọjọ́ tí wọn yóò jọ lò pọ̀.

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dá tírà padà sínú ihò, ó wọ́ erùpẹ̀ lé e lórí.

Gàfárù la ojú. Ó mọ̀ ọ́n.

“Ìyá Yúnúsà,” ó ní. “Jọ̀ọ́.”

Súlìyát fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi le. Ẹ́ńjìnnì ké. Ọkọ̀ fà á lọ pẹ̀lú orí rẹ̀ lójú fèrèsé, ó gba igun, ó sì tún yọ. Súlìyát lọ jókòó sídìí òpó bẹ́ńṣì, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ìgbà ogójì ni ó kà kí oòrùn tó wọ̀. Nínú gbogbo ogójì náà, orí ọkùnrin náà yí sọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí obìnrin mìíràn lẹ́bàá ọ̀nà.