Iná Apá Ọ̀dọ̀ Táyé

Oòrùn ti ń wọ̀ ní Igbó-Ọrà. Àwọn ọlọ́kadà ń já èrò sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Èrúwà, àmọ́ kò sẹ́ni tó yà sí ìsọ̀ Kẹ́hìndé. Ó dá dúró nídìí gíríìlì gáàsì tó fi ń yan adìẹ tà. Èéfín ń ta á lójú. Bí omijé bá bọ́, ta ni yóò mọ̀ bóyá èéfín ni, tàbí àárò ló ń sọ ọ́?

Òun àti Táyé, ìkejì rẹ̀, ni wọ́n jọ ra gíríìlì náà. Kẹ́hìndé a dúró lápá ọ̀tún, Táyé a dúró lápá òsì, wọn a máa bú ara wọn ṣeré títí ọjà yóò fi tà tán. Ṣùgbọ́n Táyé ti lọ sílé ọkọ ní Kàdúná. Látìgbà náà, Kẹ́hìndé kò tan iná apá òsì mọ́. Ó kàn ń nù ún lójoojúmọ́ ni, bí ẹni tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Apá ọ̀tún ló ń kó gbogbo ẹran há sí, a sì yí iná sókè pátápátá kó lè tètè jinná.

"Kẹ́hìndé!" Tísà Japheth ni, oníbàárà kan ṣoṣo tó ṣì máa ń jókòó bá a sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó dìde lórí àga rẹ̀, ó gbé abọ́ rẹ̀ padà wá. "Wo itan adìẹ yìí. Òde ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú."

"Ẹ má bínú, Tísà. Ẹ jẹ́ n dá a padà síná."

"Bó o ṣe wí níjọ́sí nìyẹn. Inú tó run mí lẹ́yìn ẹ̀, Ọlọ́run ló yọ mí."

Ó rọra gbé abọ́ sílẹ̀, ó lọ. Kẹ́hìndé wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí kò fi rí i mọ́. Àga rẹ̀ dá wà níbẹ̀, bíi ti Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Aliyyah, wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀, dé.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ò ń ta adìẹ tútù fáráyé. Ìsọ̀ yìí ni mo wá tì."

Kẹ́hìndé dúró síwájú gíríìlì. "Ẹ dákun, Màmá! Bẹ́ ẹ bá tì í, kí ló tún kù tó jẹ́ tèmi àti Táyé?"

Màmá wo gíríìlì. "Kí ló dé tí apá kan ò níná?"

"Apá ọ̀dọ̀ Táyé ni."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó. "Kí ni Táyé máa ń ṣe níbẹ̀?"

"Iná kékeré ló máa ń tàn. Tí iná tèmi bá ti mú ara ẹran pọ́n, òun á gbà á, á jẹ́ kó máa jinná díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé iná ẹ̀ ò lè pa èèrà."

"Iná tí ò lè pa èèrà yẹn ló ń bá ẹ mú ẹran jinná! Iná ńlá, òde ló ń jó. Iná kékeré ló ń wọlé dé eegun. Adìẹ tí inú ẹ̀ ò jinná lè gbé ọmọ ọlọ́mọ dé ọsibítù. Dìde, tan iná Táyé. Hàà, ṣí ìdérí ná kó o tó ṣáná!"

Kẹ́hìndé ṣí ìdérí, ó ṣáná. Iná là pẹ̀ẹ̀ níbi tó ti ń ṣófo láti ọjọ́ yìí. Ó dúró kí irin gbóná, ó fi òróró pa ẹran lára, ó fi àyè sáàárín wọn. Nígbà tí iná apá ọ̀tún mú wọn pọ́n, ó sún wọn sí apá Táyé. Nígbà tí wọ́n gé itan lẹ́bàá eegun, omi tó jáde mọ́ gaara.

"Mi ò tì í mọ́," ni Màmá wí, ó ń lá ìka. "Àmọ́ màá máa yọjú o."

Nígbà tó lọ tán, Kẹ́hìndé nu àga Tísà Japheth. Kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Ó padà sáàárín iná méjèèjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan ẹran tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìdérí kẹ́ ẹ tó ṣáná sí gáàsì, kí gáàsì tó bá gbá jọ sábẹ́ rẹ̀ má baà bú gbàmù. Ẹ ha ọ̀rá àná kúrò lára irin, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbóná dáadáa. Ẹ má kó ẹran há. Tí iná ńlá bá ti mú un pọ́n, ẹ sún un sórí iná kékeré títí inú yóò fi jinná, kẹ́ ẹ gé e wò lẹ́bàá eegun. Ẹ̀mú tẹ́ ẹ fi mú tútù, ẹ má fi mú èyí tó jinná. Bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá sì lọ, ẹ sunkún rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má pa iná rẹ̀.