Lẹ́tà Oníkùn, Lẹ́tà Onídìí

Ròkíátù ni orúkọ ọmọ yìí. Ọmọ ọdún méje ni. Mowe ni ilé wọn wà.

Ọwọ́ Ròkíátù mọ nǹkan ṣe. Ó fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀. Ó fi ìdérí ìgò ṣe táyà rẹ̀. Ó fà á lọ sójú títì: jàn-jàn-jàn!

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná máa ń ké: kẹ̀ẹ̀ẹ̀n! Ròkíátù fi òróró sí i. Ilẹ̀kùn dákẹ́.

"Ọmọ mi lọ́pọlọ o!" ni Bàbá wí.

Mẹkáníìkì ni Bàbá, ní Asese. Ikùn Bàbá tóbi. Tí Bàbá bá ń rẹ́rìn-ín, ikùn náà á máa mì: lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀!

Ṣùgbọ́n ìwé kíkà ń da Ròkíátù láàmú.

Lẹ́tà b á di d. Lẹ́tà d á di b. Wọ́n á máa yí padà lójú rẹ̀: wìì! wòò!

Ròkíátù ní àbúrò kan. Mùízz ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni.

Mùízz ń ka gbogbo nǹkan. Ó ń ka ara páálí ọṣẹ. Ó ń ka ara àpò ìrẹsì. Ó ń ka ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń kọjá lọ.

Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́ fún un: pá! pá! pá!

Màmá á wá yíjú sí Ròkíátù. "Ròkíátù, wo àbúrò ẹ! Ìwọ ńkọ́?"

Inú Ròkíátù á máa hó bí omi orí iná: kutu-kutu-kutu! Ó ń jowú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àǹtí Fúnmi kọ nǹkan sójú pátákó. Àǹtí Fúnmi ni tíṣà Ròkíátù.

"Ròkíátù, dìde. Kà á fún wa."

Ròkíátù dìde. Ó wò ó. Ó tún wò ó.

"Da... Dada ra data."

"Kéè-kéè-kéè!" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Pákó ni wọ́n fi pín kíláàsì Ròkíátù àti kíláàsì Mùízz. Ihò kan wà lára pákó náà. Ojú kan sì wà níbi ihò náà.

Ojú ta ni? Ojú Mùízz ni!

"Bàbá ra bàtà!" ni Mùízz kígbe láti òdìkejì.

Pá! pá! pá! Kíláàsì méjèèjì pàtẹ́wọ́.

Kutu-kutu-kutu! Inú Ròkíátù hó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Mùízz sọ ọ́ fún Màmá. Màmá gbé e sókè. "Mùízz, ọkọ mi!"

Ó yíjú sí Ròkíátù. "Ròkíátù, wo àbúrò ẹ! Ìwọ ńkọ́?"



Ìwé kan wà tí Mùízz fẹ́ràn gan-an. Àwòrán erin wà lára rẹ̀. Tí Mùízz bá ń jẹun, ìwé náà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá ń sùn, á gbé e sáyà.

Ròkíátù wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Kò sí ẹnì kankan.

Ó mú ìwé náà. Ó yọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Abọ́ ìfọṣọ ńlá kan wà níbẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ròkíátù ti ìwé náà sábẹ́ rẹ̀.

"Kí ni yóò máa kà báyìí?" ni ó wí.

Láìpẹ́, Mùízz bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé rẹ̀. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí. Ó wo ẹ̀yìn àga. Kò sí.

"Sísítà mi, ṣé ẹ rí ìwé mi?"

"Mi ò rí i."

Mùízz bú sẹ́kún. "Ìíí! Ìíí! Ìwé mi!"

Ròkíátù rò pé inú òun máa dùn. Inú rẹ̀ kò dùn rárá.

Ni ojú ọ̀run bá ṣú. Ààrá sán: gbììì!

Òjò dé. Pa. Pa. Pa-pa-pa-pa-pa! Òjò ń lu abọ́ ìfọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé. Omi ń ṣàn. Omi ń wọ abẹ́ abọ́ lọ.

"Yéè! Ìwé Mùízz!"

Ròkíátù sáré jáde. Ó ń sáré nínú ẹrẹ̀: ṣàbà-ṣàbà-ṣàbà! Ó gbé abọ́ sókè. Ìwé ti tutù. Erin náà ti tutù.

Ó fi ìwé náà sábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ó sáré padà.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ròkíátù! Kí lo lọ ṣe nínú òjò?"

Ròkíátù kúnlẹ̀. Omi ń kán lára rẹ̀: tó, tó, tó.

"Ẹ má bínú, Màmá. Èmi ni mo gbé ìwé Mùízz pamọ́."

"Kí ló dé tó o ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ròkíátù yọ ìwé náà lábẹ́ aṣọ rẹ̀. "Mò ń jowú rẹ̀. Tó bá kàwé, gbogbo yín máa ń pàtẹ́wọ́. Ẹ wá máa ń sọ pé, 'Wo àbúrò ẹ.' Màmá, mò ń wò ó. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Àmọ́ àwọn lẹ́tà ò yéé yí padà."

Màmá fẹ́ bínú. Ó la ẹnu. Ó pa á dé.

Ó mú tówẹ̀lì. Ó nu orí Ròkíátù. Ó nù ún títí.

"Ṣé wọ́n máa ń yí padà lójú ẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. b máa ń di d."

"O ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí, Màmá."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. "Òótọ́ ni. Mo rò pé o kàn ò fẹ́ kàwé ni. Mi ò ní sọ pé 'wo àbúrò ẹ' mọ́. Àmọ́ ohun tó o ṣe yìí ò dáa. Lọ bẹ àbúrò ẹ."

Ròkíátù lọ bá Mùízz. "Mùízz, jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Mùízz fa imú rẹ̀: fíìn! "Ṣé erin mi ti kú?"

"Kò kú. Ó wẹ̀ ni."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oòrùn ràn. Ròkíátù ṣí ìwé náà, ó sá a sórí bẹ́ǹṣì. Ó jókòó tì í, kí ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́.

Òjò ti jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀. Ròkíátù bu amọ̀. Ó fi mọ ewúrẹ́. Ó fi mọ adìyẹ.

Lẹ́yìn náà, ó mọ Bàbá. Ó mọ ọ̀pá gígùn kan fún ara Bàbá. Ó lẹ ikùn róbótó mọ́ ọn níwájú.

Ó wo Bàbá alámọ̀. Ó wo ìwé. Ó tún wo Bàbá alámọ̀.

"Háà!"

Bàbá jọ lẹ́tà kan! Ó jọ lẹ́tà b!

Ròkíátù fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ nínú ìwé. "Ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ni iwájú," ni ó wí. "b ni Bàbá. Ikùn wà níwájú!"

Lẹ́tà d wá ńkọ́? Ó mọ ọ̀pá mìíràn. Ó lẹ amọ̀ róbótó mọ́ ọn lẹ́yìn. Kí ló wà lẹ́yìn èèyàn?

Ròkíátù bú sẹ́rìn-ín. "Ìdí! d ni ìdí! Ìdí wà lẹ́yìn!"

"Màmá! Bàbá! Ẹ wá wò ó!"

Màmá sáré jáde. Ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀. Bàbá náà jáde.

"Ẹ wò ó, b ni Bàbá. d ni ìdí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bàbá fọwọ́ gbá ikùn rẹ̀: gbà! gbà! "Ṣé ikùn tèmi ni wọ́n fi ń kàwé báyìí?"

Mùízz náà bu amọ̀. Ó fẹ́ mọ b. Ikùn rẹ̀ já bọ́: pọ̀ọ́!

"Sísítà mi, báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Ròkíátù wò ó. Ó wo ikùn tó já. Ó sún mọ́ ọn. "Fi omi díẹ̀ sí i. Wá tẹ̀ ẹ́ báyìí."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Màmá tẹ̀ lé Ròkíátù lọ sí ilé ìwé. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Fúnmi.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún mi," ni Àǹtí Fúnmi wí. "Màá máa fún un láyè kó fi ìka tọ lẹ́tà kó tó kà á."

Ó sì fi páálí dí ihò ara pákó.

Ìwé kíkà kò di ohun tó rọrùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ròkíátù ń falẹ̀. Nígbà mìíràn, ó ṣì ń ṣì í kà. Nígbà mìíràn, tí Mùízz bá kàwé fún Bàbá, inú rẹ̀ á tún hó díẹ̀. Á sọ fún Màmá. Màmá á fà á mọ́ra.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, Màmá mú wọn lọ sí Ibafo. Òórùn dídùn kan ń bọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Pátákó dúdú kan wà níbẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ kan sí i.

Mùízz rí i. Ó la ẹnu rẹ̀.

"Ṣṣṣ," ni Màmá wí.

Mùízz fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ròkíátù dúró. Ó na ìka rẹ̀ sókè. Ó ń fi kọ lẹ́tà sínú afẹ́fẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá kò kánjú. Ọkọ̀ ń kọjá: fìùù! fìùù! Màmá ṣì dúró.

"Bú," ni Ròkíátù wí.

"Rẹ́."

"Dì."

Ojú rẹ̀ là gbàgà. "Búrẹ́dì! Búrẹ́dì ni wọ́n kọ síbẹ̀!"

"Búrẹ́dì gbígbóná ni o!" ni obìnrin tó ń tà á wí.

Màmá ra ńlá kan. Ó gbé e lé Ròkíátù lọ́wọ́. Ó gbóná. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́.

Ròkíátù ló kọ́kọ́ bù ú jẹ.