Àga Mìíràn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ tí obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù atúnkọ̀ǹpútà, ṣe ló fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo bátànì aṣọ àwọn oníbàárà mi ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má pa á fún mi o.”

“Ẹni tó bá ti kú ni mi ò lè jí, màdáámù. Eléyìí kàn sùn ni.”

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìyàwó atúnkọ̀ǹpútà ti ṣaláìsí, kò sí ẹ̀rín obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá irin ìtú-nọ́ọ̀tì kiri orí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Kí ọdún tó yí po, ó ní kí aránṣọ fẹ́ òun.

“Mo fẹ́ yín, olólùfẹ́ mi,” ni obìnrin náà wí. “Ṣùgbọ́n mi ò ní gba orí ẹkún ọmọ yín wọlé. Tí kò bá gbà, mi ò wá.”

Ọmọbìnrin atúnkọ̀ǹpútà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò gbà. “Bàbá, ipò màmá mi kò ṣófo.” Ọ̀rọ̀ parí.

Àpótí ìjókòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Orí rẹ̀ ni ìyàwó atúnkọ̀ǹpútà tó kú máa ń jókòó sí, tí á máa ka nọ́ńbà ara dísìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú nǹkan sí, sókè, tí ọkọ rẹ̀ á sì máa tẹ̀ ẹ́ sí BIOS, ojú ewé tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kí ó tó jí. Bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ nìyẹn lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin náà ń dá a kà, ó ń dá a tẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dísìkì kọ̀ǹpútà aránṣọ bàjẹ́ pátápátá, ó sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti ṣe ẹ̀dà àwọn bátànì rẹ̀ síbòmíràn. Atúnkọ̀ǹpútà ki dísìkì tuntun bọ̀ ọ́, ó tẹ nọ́ńbà, ó fẹ́ fi ètò tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà sí i. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí dísìkì kankan. Ó tún un tẹ̀. Pàbó. Nọ́ńbà náà kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ojú àgbà kò sì gbé e mọ́.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á,” ni aránṣọ wí, ó fẹ́ jókòó sórí àpótí náà.

Ọmọbìnrin náà fò dìde. “Ẹ dákun, mà! Iṣẹ́ màmá mi nìyẹn.”

Aránṣọ na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ.

Atúnkọ̀ǹpútà wo àpótí, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó pa gbogbo nọ́ńbà náà rẹ́, ó sì yan “Auto”, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá ohun tó wà nínú ara rẹ̀. Kò yàn án rí. Lójú ẹsẹ̀, orúkọ dísìkì yọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ètò náà máa wọlé.

“Bàbá, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè dá a ṣe?”

“Mo mọ̀. Ohùn màmá rẹ ni mò ń wá nínú àwọn nọ́ńbà yẹn.” Ó yíjú sí i. “Gbọ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ màmá rẹ ti parí, ó sì ṣe é dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò ní ṣe é mọ́. Mi ò fẹ́ obìnrin yìí kó lè máa ka nọ́ńbà. Mo fẹ́ ẹ torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀.”

Ọmọbìnrin náà nu ojú. Ó nu àpótí náà pẹ̀lú, ó gbé e ti ògiri. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé àga mìíràn jáde, èyí tó ṣeé fẹ̀yìn tì.

“Ẹ jókòó, mà. Ṣùgbọ́n aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, ọ̀fẹ́ lẹ máa rán an o.”

“Ta ló ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀?”

Lórí tábìlì, kọ̀ǹpútà ti jí. Kò sẹ́ni tó wò ó.