Ìwé Pínpín Ilé Olódi Eschenfels

Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, ló ṣí àpótí náà, ẹnikẹ́ni kò já a, síbẹ̀ ìwé pínpín kò sí nínú rẹ̀. Ludgard, opó Wignand, ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Ó gbọn gbogbo aṣọ ilé àdúrà tó wà níbẹ̀ wò, ó tún un gbọ̀n. Òfo ni. Inú ìwé yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí, láti ayé bàbá bàbá ọkọ rẹ̀, pé ìdajì Eschenfels tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ ti ìran wọn títí láé, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ọkọ rẹ̀ kò tíì lò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ nínú sàréè. Jutte, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, nìkan ló fi sílẹ̀.

Volrad tó ni ìdajì òkè dúró tì í. Ọmọ ìyá kan náà ni bàbá bàbá tirẹ̀ àti bàbá bàbá Wignand. Kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Ó fa ìwé awọ kan yọ lábẹ́ aṣọ, èdìdì ìda pupa rọ̀ nídìí rẹ̀, ó ní ẹ̀dà ti ilé òkè rèé. Ó ní ṣe ni bàbá bàbá òun kàn yá àbúrò rẹ̀ ní ilé ìsàlẹ̀ títí ọkùnrin yóò fi tán nínú ìran àbúrò náà, ọkùnrin sì ti tán báyìí.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “tó bá di ọjọ́ àjọ̀dún Màrtínì Mímọ́ lóṣù kọkànlá, mi ò fẹ́ rí ẹrù yín níbí mọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, níbo ni kí n gbé ọmọ yìí lọ?”

“Ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ò tíì kún.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, okùn kànga ti pòórá. Kànga kan ṣoṣo náà ni ilé méjèèjì ń pọn. Volrad ní okùn ti gbó, àwọn ń tún un ṣe. Ó fi ọkùnrin méjì tó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ sórí afárá. Omi òjò tó kù nínú agbada ni Jutte ń mu, ìkà ẹ̀dá náà yóò sì tún dúró lójú fèrèsé òkè, yóò máa béèrè bóyá ara ọmọ le. Ludgard kì í sùn, kò sì sunkún. Ẹ̀rù ò jẹ́.

Ilé méjèèjì ti jọ búra àlàáfíà lábẹ́ olúwa ilẹ̀ náà. Ẹnì kan ò lè lé èkejì jáde láìjẹ́ pé adájọ́ rẹ̀ gbọ́ sí i. Nítorí náà, lọ́jọ́ kẹta, Adájọ́ Kraft dé pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin mẹ́rin. Ó jókòó sí àárín agbàlá, ó ń ka ìwé Volrad ní Látìnì, ó ń sọ ọ́ di èdè wa. Ludgard ò mọ̀wé, Volrad náà ò mọ̀ ọ́n.

“‘Èmi Embricho, ẹ̀gbọ́n, ni mo kọ́kọ́ yan ilé òkè…’” Embricho yìí ni bàbá bàbá Volrad.

“Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà,” Ludgard ní.

Ó tún un kà.

“Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ yàn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́.”

“Ta ló ń pín ilé báyẹn?”

Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ló ń pín, àbúrò ló ń kọ́kọ́ mú, kí ẹ̀gbọ́n má baà pín in tán kó tún gbé èyí tó sanra. Ọmọdé tó ń pín búrẹ́dì pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Akọ̀wé ló ṣì í kọ,” Volrad sọ. “Àjèjì ni.”

Kraft gbójú sókè. “Ìwé ọgọ́ta ọdún. Báwo lẹ ṣe mọ akọ̀wé rẹ̀?”

Kraft yí èdìdì náà padà. Iwájú rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ìda ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì rọ̀, ojú ọ̀bẹ gbígbóná sì hàn lára rẹ̀. Wọ́n gé e lára ìwé mìíràn ni. Ó béèrè ẹni tó sún mọ́ kọ́kọ́rọ́ Wignand. Ludgard ní ọrùn òkú ló wà títí wọ́n fi sin ín, Jehan, akọ̀wé ilé àdúrà tó ti ilẹ̀ Faransé wá, ló sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀ kí òun máa gbàdúrà fún òkú. Wọ́n wá Jehan lọ sí yàrá rẹ̀. Ó ti sá.

Wọ́n bá aṣọ rẹ̀ nínú ìyẹ̀fun ní ilé ọlọ tó wà létí odò. Bí wọ́n ti ń sáré lọ síbi ọkọ̀ ojú omi, wọ́n pàdé adẹ́tẹ̀ kan tó da aṣọ borí, tó ń mi agogo onígi tí adẹ́tẹ̀ fi ń kìlọ̀ fún èèyàn. Àwọn ẹlẹ́ṣin yà fún un. Kraft gan-an bo imú. Adẹ́tẹ̀ náà wọ ọkọ̀, ó sì na ọwọ́ lásán mú okùn tí gbogbo èèyàn ń dì mú. Kraft bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Adẹ́tẹ̀ ilẹ̀ wa kì í fi ọwọ́ lásán, láìwọ ìbọ̀wọ́, kan ohun tí ẹlòmíràn yóò dì mú, ìjọ ti kà á léèwọ̀ fún un. Ó ní kí wọ́n mú un. Ọkọ̀ ti kúrò létí odò, ẹlẹ́ṣin kan bá ẹṣin rẹ̀ bẹ́ sómi, ó sì fà á sílẹ̀ tọrùntọrùn.

“Ta ló rán ọ?”

“Adẹ́tẹ̀ ni mí.”

“Bọ́ bàtà.”

Ìwé pínpín gidi ló wà nínú bàtà, wọ́n ti gé èdìdì ìdí rẹ̀ kúrò.

“Kí ló dé tí o ò sun ún?”

“Òun nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní lórí Volrad. Tí mo bá sun ún, á pa mí.”

Jehan ni, ó sì jẹ́wọ́. Volrad mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wá, òun mú ti òkú, wọ́n sì jọ ṣí àpótí. Volrad ṣèlérí pé òun yóò fi í ṣe àlùfáà ìjọ òun. “Níbi tí wọ́n bí mi sí, àkọ́bí ló ń kó gbogbo ogún,” Jehan ní. “Mo rò pé bákan náà ni níbí, pé ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú.”

Nígbà tí wọ́n tẹ́ ìwé náà síwájú Volrad, ó kọ́kọ́ sẹ́. Ìgbà tó rí Jehan nínú ìdè ni ohùn rẹ̀ yí padà.

“Èmi ni àgbà ilé yìí. Ṣé kí n wá máa bá ọmọbìnrin pín kànga ni?”

Ẹni tó bá da ẹni tí wọ́n jọ búra àlàáfíà, ìpín rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí olúwa ilẹ̀ yóò fi dájọ́. Wọ́n dì í lọ́wọ́, wọ́n mú un gba orí afárá jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ sì yà fún wọn.

Kraft fi ìwé náà lé Ludgard lọ́wọ́. Ó ní ilé wọn ni, kò sẹ́ni tó máa lé wọn. Ludgard jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú agbàlá, ó bú sẹ́kún, ẹkún tó le débi tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi gbójú kúrò. Jutte sáré wá. Ó ní ṣebí àwọn ló jàre, kí ló dé tí ìyá òun ń sunkún?

Ludgard fà á mọ́ra.

“Bàbá rẹ kú, Jutte,” ó ní. “Bàbá rẹ kú.”