Ìrọ̀rí Tó Wà ní Yàrá Ẹ̀yìn

Kóòtù tí yíǹkì pupa bàjẹ́ ló mú wọn pàdé. Ọkùnrin tíṣà kan gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn alágbàfọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí ojú ọ̀run ṣú, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà, ó sì dúró bí ẹni tó wá gbọ́ ìdájọ́. Bírò rẹ̀ ti bẹ́ sínú àpò, yíǹkì sì ti ṣàn dé ìsàlẹ̀.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà yẹ kóòtù náà wò síwá sẹ́yìn.

"Tíṣà, ṣé kí n fọ̀ ọ́ ni, àbí kí n sin ín?"

"Ẹ ṣáà bá mi gbìyànjú. Màmá mi ló rà á fún mi lọ́jọ́ tí mo ríṣẹ́."

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì."

Kò dúró di ọjọ́ Ẹtì. Ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá lọ́jọ́rú, ó tún wá lọ́jọ́bọ̀ nínú òjò. Lọ́jọ́ náà obìnrin yìí ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó bi í bóyá kóòtù ló ń wá wò ni àbí òun. Tíṣà wo bàtà ara rẹ̀, omi ń kán láti etí rẹ̀, ó ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun ò ti rántí kóòtù mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wọ̀ nìyẹn.

Afínjú ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Àǹtí tó tọ́ ọ dàgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí láti kékeré ni kì í ti í rí àbàwọ́n kó mójú kúrò. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń fọṣọ aláṣọ. Tó bá wo ọrùn ẹ̀wù, ó lè sọ fún ọ bóyá ẹni tó ni ín ń sùn dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ le, ọṣẹ ti jẹ ẹ́. Ọkàn rẹ̀ ló rọ̀, àwọn ọkùnrin méjì tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sì ti fi rírọ̀ yẹn nu ẹsẹ̀. Tíṣà nìkan ló máa ń di ọwọ́ náà mú bí ẹni di ẹyin mú. "Ẹyinjú mi," ni ó máa ń pè é, ní ohùn kékeré, kí àwọn tó ń lọṣọ lẹ́yìn má baà gbọ́. Wọ́n sì máa ń gbọ́, wọn a máa wúkọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, Tíṣà ní kí ó wá bá ìdílé òun lọ sí ilé etí omi.

Ilé kékeré kan ni, ó wà létí adágún, ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni ìdílé náà máa ń lọ síbẹ̀, wọn a sì padà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ń pè é ní ìsinmi, ṣùgbọ́n ìdánwò ni fún ẹni tó bá fẹ́ wọ ìdílé. Ìyá Tíṣà, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, a máa sọ pé èèyàn lè díbọ́n nínú pálọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè díbọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé tó ní balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Ọkùnrin méjì tí ọmọ rẹ̀ obìnrin mú wá, ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti pin.

Àǹtí ló bá Afínjú di báàgì. "Tí o bá débẹ̀, má jókòó tẹtẹrẹ," ni ó kìlọ̀ fún un. "O ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni kí o jẹ́ kó bá wọn sọ̀rọ̀."

Òjò rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin ló wakọ̀, Màmá jókòó níwájú, kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ pé kí wọ́n ti fèrèsé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Afínjú rí i pé yàrá mẹ́ta ló wà. Màmá mú ọ̀kan. Afínjú àti Ẹ̀gbọ́n jọ mú èkejì. Yàrá ẹ̀yìn wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ padé, síbẹ̀ orí àga gígùn inú pálọ̀ ni Tíṣà tẹ́ aṣọ sí.

"Kí ló dé tí o ò sùn sí yàrá yẹn?"

"Ibí yìí tẹ́ mi lọ́rùn," ni Tíṣà wí, ó sì bi í bóyá òtútù ń mú un.

Afínjú mọ̀ pé ìdílé náà ti pàdánù àbíkẹ́yìn wọn. Tíṣà ti sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan péré: ọ̀dọ́mọkùnrin, àìsàn ọjọ́ mẹ́rin, ó di ọdún méjì. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ti gbé ọ̀rọ̀ míì. Afínjú ò tọ pinpin rẹ̀, torí ó gbà pé ẹni tí ọgbẹ́ wà lára rẹ̀ ló mọ ọjọ́ tí yóò ṣí i.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òjò ò dá. Wọ́n ta lúdò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Màmá ń rẹ́ wọn jẹ láì fi bò, ó ń sún ọmọ ayò tirẹ̀ síwájú bí ẹnikẹ́ni bá yíjú. Afínjú rí i, ó mú ọmọ ayò náà padà síbi tó yẹ. Màmá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú ilé náà.

"Ìwọ, ojú ẹ mú," ni Màmá wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi yìí, tí ilé bá ń jó, á ní ooru ló kàn ń mú díẹ̀."

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Afínjú ń fọ abọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n àti Tíṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ṣé o ti bá a sọ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Mo ti bá a sọ."

"Ó dáa. Torí Màmá ni."

Afínjú rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. Tíṣà ò tíì bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé kò ní í pẹ́ mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àìkú, oòrùn yọ díẹ̀. Màmá àti Ẹ̀gbọ́n lọ na ẹsẹ̀ létí omi, Tíṣà lọ ra búrẹ́dì lójú títì. Afínjú ku òun nìkan, ó sì rántí ọ̀rọ̀ Àǹtí. Ó gbé omi kaná. Ó bọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó bọ́ tiwọn, ó ká èyí tó wà lórí àga gígùn. Lẹ́yìn náà ló ṣí yàrá ẹ̀yìn.

Ilẹ̀ yàrá náà mọ́, tábìlì rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀dì nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ rúdurùdu, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ojú òógùn wà láàárín ìrọ̀rí, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti pẹ́. Ẹlòmíì ì bá dúró rò ó. Afínjú ò rò ó. Ọdún mọ́kànlá ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ṣíwájú orí rẹ̀. Ó bọ́ àpò ìrọ̀rí náà, ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó fi ọṣẹ oníyẹ̀fun sí i, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta títí ojú òógùn náà fi lọ pátápátá. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó sá a sójú oòrùn pẹ̀lú àwọn yòókù.

Màmá ló kọ́kọ́ dé. Ó ń sọ̀rọ̀ bọ̀, ó wo okùn aṣọ, ọ̀rọ̀ náà sì dúró sí i lẹ́nu. Ó rìn lọ sídìí okùn, ó já àpò ìrọ̀rí náà, ó gbé e sí imú. Omi ń kán sí i láyà. Ó yí i padà, ó gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ọṣẹ wo lo lò?" ni ó bi Afínjú, jẹ́jẹ́.

"Ọṣẹ tó wà nínú kíṣìnì ni, Màmá."

"Ó ń ta sánsán."

Màmá jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Ẹ̀gbọ́n sáré dé, ó di ìyá rẹ̀ mú, ó gbé ojú lé Afínjú. "Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni àbúrò wa sùn kẹ́yìn. Bó ṣe dìde lọ́jọ́ Àìkú yẹn, kí àìsàn tó kọ lù ú, la fi sílẹ̀. Oṣooṣù ni Màmá máa ń wọlé lọ gbé imú lé ìrọ̀rí yẹn. Kò sí ohun míì tó kù lára ọmọ náà. Ṣebí wọ́n sọ fún ọ pé a kì í fọwọ́ kàn án?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dákun, Màmá, mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀ kẹ̀? Lánàá yìí ló ní òun ti sọ fún ọ."

Tíṣà ti dé. Ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, búrẹ́dì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àná wá yé Afínjú. Ó wo ọkùnrin tó fẹ́ràn, ó ń dúró dè é. Ó lè sọ fún wọn fúnra rẹ̀ pé irọ́ ni Tíṣà pa, àmọ́ ta ni yóò gba àlejò ọjọ́ mẹ́ta gbọ́ ju ọmọ inú ilé lọ? Ẹnu Tíṣà lọ̀rọ̀ náà wà. Gbólóhùn kan péré ni.

Tíṣà wo ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Ó wo búrẹ́dì.

"Ẹ jẹ́ ká máa palẹ̀ mọ́," ni ó wí.

Wọ́n kó sínú ọkọ̀, wọ́n padà. Afínjú bọ́ sílẹ̀ ní ìkóríta tó sún mọ́ ilé rẹ̀, ó dúpẹ́, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ti wú. "Ẹyinjú mi, mo fẹ́ sọ fún ọ kí á tó lọ. Bí mo bá ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ míì ló ń jáde. Láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti kú, mi ò lè dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bi mí, ojú tì mí, mo ní mo ti sọ."

"Ó ti yé mi," ni Afínjú wí, ó sì yé e lóòótọ́. "Mi ò bínú pé o ò sọ fún mi. Sọ fún wọn."

"Màá sọ. Jẹ́ kí ara Màmá kọ́kọ́ balẹ̀ ná."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ara Màmá ò tíì balẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Màmá ń ṣàìsàn. Oṣù kẹta, ara Màmá ti ń yá, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun tún dá a padà sẹ́yìn. Títí di ìgbà yẹn, Afínjú ṣì ń gbé oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ dè é lẹ́yìn káńtà, ó ṣì ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù rẹ̀. Àǹtí wò ó títí, ó rẹ̀ ẹ́.

"Ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ò ṣẹ̀ ọ́," ni Àǹtí wí. "Ọmọ ẹ̀ ni kí o wò. Ọkùnrin tí kò lè gbèjà rẹ lójú ìyá rẹ̀ nígbà tó jẹ̀bi, ọjọ́ wo ni yóò gbèjà rẹ nígbà tí kò jẹ̀bi?"

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Afínjú kọ́kọ́ sunkún. Láàárọ̀, ó ní kí Tíṣà má wá mọ́ títí yóò fi sọ ọ́. Tíṣà ò sì wá.

Oṣù karùn-ún ni Tíṣà tó wọlé, lọ́sàn-án ọjọ́rú kan. Ó ti rù. Àwọn oníbàárà mẹ́rin ló wà nídìí káńtà, ó tò sẹ́yìn wọn títí ó fi kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Mo ti sọ fún wọn," ni ó wí. "Gbogbo ẹ̀. Mo ní mi ò sọ fún ọ, mo sì parọ́ fún Ẹ̀gbọ́n."

Afínjú gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni Màmá wí?"

"Wọ́n sunkún. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí o máa bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní inú yàrá ẹ̀yìn ni kí o sùn sí. Àwọn fúnra wọn ló máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà fún ọ."

Omijé bọ́ lójú Afínjú, kò nù ún. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn gbà lọ́wọ́ Màmá. Ó gbé ọwọ́ lé orí káńtà, Tíṣà sì gbé tirẹ̀ lé e.

"Oṣù márùn-ún ni Màmá fi rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," ni Afínjú wí. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jí pẹ̀lú èrò yẹn. Ìwọ ń bá wọn jẹun, ò ń wò wọ́n."

"Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ti pàdánù ọmọ kan. Mi ò fẹ́ kí èmi náà bọ́ lọ́wọ́ wọn."

"Mo mọ̀. O wá jẹ́ kí èmi bọ́."

"Ṣé o ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ, Tíṣà. Mo fẹ́ràn rẹ títí kan bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ilé tí mo ti máa ń wo ẹnu rẹ, kí n máa dúró." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀. "Bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Sọ fún wọn pé mo gbọ́, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní í wá. Má lọ sọ pé mi ò ráyè o. Sọ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

"Màá sọ ọ́," ni Tíṣà wí. "Lónìí."

"Ó dáa."

Tíṣà dúró síbẹ̀ títí obìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀ fi wúkọ́. Afínjú fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ta ló kàn?"

Obìnrin náà gbé aṣọ ọmọ ìkókó sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ ẹ kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó dé, àwọn ń gbé ọmọ lọ rí ìyá òun àgbà. Afínjú tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ọrùn wọn, ó kọ nọ́ńbà sí wọn. Kò gbé ojú sókè títí ilẹ̀kùn fi padé lẹ́yìn Tíṣà.