Efinrin Inú Àpótí Morádéyọ̀

"Ṣé èmi ni ikán ni? Ẹ dá mi lóhùn! Ṣé eyín mi ni mo fi jẹ ìwé yín?"

Bùkọ́lá ń pàtẹ́wọ́, ó ń yí po láàárín àgbàlá bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ṣẹ̀. Ẹ wo obìnrin! Àwọn tó ń kọjá lójú títì Mowe ti dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń yọjú. Morádéyọ̀, ìyáálé rẹ̀, kò tíì rí ààyè jókòó. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ló ti Òkè-Arò dé, níbi tó ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Adéyẹ́misí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lójú. Báńdéèjì ṣì wà lójú ọ̀tún, awọ funfun ṣì bo tòsì, òjìji lásán ló ń rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwé rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ náà kò sì ba nǹkan kan. Yàrá ti ṣófo.

"Bùkọ́lá, n kò pè ọ́ ní ikán," ó fèsì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ìbéèrè ni mo bi ọ́. Gbogbo ìwé náà pátá?"

"Gbogbo ẹ̀! Àti pákó tẹ́ ẹ tò ó sí, àti àpótí burúkú tó wà láàárín ẹ̀! Ikán jẹ gbogbo ẹ̀ kanlẹ̀, la bá dáná sun ìyókù. Dádì, ẹ sọ fún wọn kẹ̀! Àbí èmi nìkan ni mo wà nílé ni?"

Olúgbádé, ọkọ àwọn méjèèjì, jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò. Arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

"Òótọ́ ni, Morádéyọ̀," ó ní. "Ikán ti bà á jẹ́. A ò rí nǹkan kan ṣe sí i."

Àgbàlagbà, tó fi gbogbo ewú orí parọ́! Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n ń parọ́ fún. Ará Ròmáníà ni obìnrin yìí. Iliánà ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nílùú Yáṣì. Ìyá Olúgbádé ló sọ ọ́ ní Morádéyọ̀, nígbà tí ọmọ rẹ̀ kàwé tán lọ́hùn-ún tó sì mú ìyàwó òyìnbó bọ̀ wálé. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn obìnrin Ròmáníà tó tẹ̀ lé ọkọ wá sílẹ̀ wa láyé ìgbà yẹn kò kéré: Fiórikà wà ní Ìbàdàn, ọ̀kan wà ní Sápẹ́lẹ̀, Dóínà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ wà ní Kàdúná. Kò sí èyí tí kò di ìwé mọ́ ẹrù rẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ èdè náà mọ́, wọ́n fẹ́ kó ìwé ìyá wọn sórí ààtàn. Morádéyọ̀ á wọ mọ́tò, á lọ kó o. Ìwé ìtàn, ìwé àdúrà, ìwé orin, ìwé oúnjẹ, àní ìwé àwòrán tí àwọn ọmọdé ti fa ojú ẹ̀ ya, kò kọ ọ̀kankan. Ó mọ ìwé Dóínà, ó mọ ti Fiórikà. Nínú yàrá yẹn nìkan ló ti ń gbọ́ ohùn àwọn ẹni rẹ̀ tó ti lọ.

Àpótí onígi kan wà láàárín yàrá náà, wọ́n fín òdòdó sí i lára. Níbi tó ti wá, irú àpótí yẹn ni ìyá ń kó ẹrù ìgbéyàwó ọmọbìnrin sí. Orí àpótí yẹn ni Olúgbádé gbé ọwọ́ lé lójú ìyá ìyàwó rẹ̀ ní Yáṣì, tó sì búra pé, "Ibi tí ọmọ yín bá wà, ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ máa wà. N kò ní kó o síta láéláé." Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà, ojú ìfẹ́ ló fi búra.

Bí Morádéyọ̀ ṣe ń tọ́jú ìwé wọ̀nyí, iṣẹ́ ni. Ó ki ẹsẹ̀ àwọn pákó bọ inú agolo ọ́ìlì mọ́tò kí ikán má baà gun òkè. Bí ọyẹ́ bá dé, á sá gbogbo ìwé sóòrùn. Lẹ́yìn náà á sá efinrin gbẹ, á tò ó sáàárín ìwé àti sínú àpótí, nítorí ohun tí ìyá rẹ̀ ń ṣe nìyẹn. Ní ìlú wọn, efinrin kì í ṣe ti ìkòkò ọbẹ̀. Omi mímọ́ ni wọ́n ń fi í wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bùkọ́lá a sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ wá wo òyìnbó tó ń fìwé sebẹ̀!"

Bùkọ́lá yìí, Ajuwon ni Olúgbádé ti fẹ́ ẹ ní bòńkẹ́lẹ́, kó tó wá mú un wọlé bí ẹni mú àga tuntun wálé. Morádéyọ̀ gbé ìyẹn mì. Ẹja yìnyín ni Bùkọ́lá ń tà, kò sì sí yàrá méjì tójú rẹ̀ wọ̀ fún fìrísà rẹ̀ bí kò ṣe yàrá ìwé. Ó ti sọ ọ́ títí, ó ti sunkún sí i, ó ti kọ oúnjẹ sí i. Nígbà tí ìyáálé lọ ṣe ojú, ọ̀nà là.

Nísinsìnyí ó gbé abọ́ kan sí Morádéyọ̀ lọ́wọ́, amọ̀ ikán àti bébà jíjẹ ló kún inú rẹ̀. "Ẹ̀rí rèé! Ẹ fọwọ́ kàn án!"

Morádéyọ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e súnmọ́ imú. Àwọn èrò rò pé ẹkún ló fẹ́ sun. Ó ṣe díẹ̀, ó dà á padà.

"Ibo lẹ ti sun ìyókù?"

"Lẹ́yìnkùlé, níbẹ̀ yẹn!"

"Ó dára," ó ní, ó sì wọlé lọ. Bùkọ́lá pòṣé tẹ̀ lé e. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, aláìmọ̀kan!

Lọ́jọ́ kejì, Ròkíátù tó ń gbé ilé tó kàn wọ́n wá bá Morádéyọ̀ kẹ́dùn. Kò tíì kí i tán tí ìyá fi bi í pé, "Ròkíátù, nígbà tí wọ́n dáná lẹ́yìnkùlé, òórùn wo lẹ gbọ́?"

"Hà, Mummy, táyà ni o! Bùkọ́lá sun táyà àti páálí, òórùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá."

"Efinrin ńkọ́?"

"Efinrin kẹ̀? Rárá o."

Morádéyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Bí a bá sun ewé efinrin díẹ̀ pé kí ẹ̀fọn lọ, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Ká wá sun efinrin tó ti ń bẹ nínú ìwé láti ọdún gbọọrọ, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri má gbọ́! Ọ̀gbọ́n Bùkọ́lá kò dé ibẹ̀, ibi tí ọ̀gbọ́n ìkà máa ń pin sí nìyẹn.

"Wọn ò sun ún," ni Morádéyọ̀ wí. "Bébà tí wọ́n fún mi lánàá náà, kò run efinrin rárá. Ìwé mi wà níbì kan."

Ròkíátù fò dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ fa aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn! Olè! Wọn ò bí i dáa!"

"Jókòó, jọ̀ọ́. Bí mo bá pariwo lónìí, wọ́n á sun ún ní tòótọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Fóònù rẹ dà? Bá mi pe Màmá Ifọ̀."

Màmá Ifọ̀ ni Fàsílátù, ẹ̀gbọ́n Olúgbádé. Alhaja ni, ẹnu rẹ̀ mú, àbúrò rẹ̀ sì ń bẹ̀rù rẹ̀ láti kékeré. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ Morádéyọ̀ tẹ́lẹ̀ o. Òun ló máa ń sọ pé ìwé ni ìyàwó àwọn bí, kò bí ọmọ tó pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í gbè sẹ́yìn irọ́.

Ọjọ́ Sátidé ló dé. Bùkọ́lá ti wọ léèsì tuntun dè é, ó kúnlẹ̀ gbọnrangandan. Gbogbo wọn jókòó ní pálọ̀, Ròkíátù fara ti ìlẹ̀kùn. Fàsílátù gbọ́ ti Morádéyọ̀, ó gbọ́ ti Bùkọ́lá, ó bi Olúgbádé, òun náà tún irọ́ rẹ̀ pa. Bùkọ́lá rò pé kò tó. Ó sáré gbé Bíbélì, ó gbé e lé orí.

"Bí ìwé kan ṣoṣo bá kù láyé, tàbí àpótí yẹn, tí mo sì mọ ibi tó wà, kí Ọlọ́run dójú tì mí níwájú gbogbo ayé!"

"Àmín," ni Fàsílátù wí. "Súnmọ́ mi, ọmọ mi."

Bùkọ́lá súnmọ́ ọn. Alhaja fa etí léèsì rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Kí ló dé tí aṣọ rẹ ń run efinrin?"

"Pẹ̀pẹ́súùpù ni mo sè lánàá, Màmá."

"Inú léèsì lo sè é sí ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ròkíátù. Morádéyọ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde.

"Àpótí mi," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n, àpótí ìyá mi ni!"

Fàsílátù kò bèèrè nǹkan mìíràn. Yàrá Bùkọ́lá ló kọjú sí. Bùkọ́lá sáré lọ dí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, yàrá mi nìyí o! Ẹ ò lè kàn wọlé onílé!"

"Ilé àbúrò ta ni? Kúrò lọ́nà kí n tó fi bàtà kọ́ ẹ lọ́gbọ́n!"

Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó ká ìró tó bo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí nìyẹn! Òdòdó ara rẹ̀ ń dán. Léèsì Bùkọ́lá ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, bí wọ́n sì ti ń fà á yọ ni efinrin gbígbẹ ń já bọ́ sílẹ̀. Ó kó ìwé síta, kò lè gbé àpótí dànù, ojúkòkòrò kò jẹ́! Èéfín nìwà, rírú ní í rú.

"Gbádé!" Ohùn Fàsílátù gba gbogbo ilé. "Ikán jẹ àpótí tán, ó wá bì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ìwé dà?"

Olúgbádé bojú wo ìyàwó rẹ̀ kékeré. Ìyẹn sì yíjú padà sí i.

"Ẹ má wò mí o! Ta ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, pé obìnrin yẹn ti ń fọ́jú, kí ni afọ́jú fẹ́ fi ìwé ṣe!"

Morádéyọ̀ fi ọwọ́ wá ògiri, ó fara tì í. Gbogbo ohun tí Bùkọ́lá ti ṣe sí i, kò dùn ún tó gbólóhùn kan yìí, nítorí ó mọ̀ pé ọkọ òun ló sọ ọ́ lóòótọ́.

"Ó wà ní Ibafo," ni Olúgbádé wí, orí rẹ̀ kò gbé. "Ní ṣọ́ọ̀bù Sàhéèdì àbúrò Bùkọ́lá. Ọjọ́ Mọ́ńdè làwọn aláàkàrà ń bọ̀ wá rà á."

Wọ́n wọ mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni Sàhéèdì ń mọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló kó ìwé náà jọ sí lẹ́yìn sìmẹ́ńtì, tapólì kan bò ó. Òjò ti ń ṣàn wọ abẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé tí wọ́n fẹ́ dànù ni o, Màmá," ni Sàhéèdì ń bẹ̀bẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀.

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ń fọwọ́ bà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti òkè gbẹ. Ti àárín lè yè. Nígbà tó kan ti ìsàlẹ̀, bébà já mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tútù. Ó fi ìka wá ẹ̀yìn ìwé náà, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Ti Dóínà nìyí," ó wí, ó sì bú sẹ́kún, òun tí ẹnikẹ́ni kò rí omijé rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Fàsílátù fúnra rẹ̀ ló gbá a mọ́ra.

Bùkọ́lá kò sùn sí Mowe mọ́jú ọjọ́ náà. Fàsílátù da léèsì rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, ó gbé e fún un lẹ́nu géètì: "Gba tìẹ. Àpótí kò bá ẹ lọ!" Wọ́n ní nínú mọ́tò Ajuwon tó wọ̀, kọ̀ndọ́kítọ̀ bèèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ta ló gbé pẹ̀pẹ́súùpù. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Olúgbádé dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó rẹ̀. "Iliánà," ó ní. Ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. "Iliánà, dárí jì mí."

"Iliánà lẹ búra fún ìyá rẹ̀," ó dá a lóhùn. "Morádéyọ̀ lẹ parọ́ fún. Èwo lẹ ń bẹ̀ nínú wa?"

Fàsílátù tọwọ́ bọ àpò àbúrò rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé, ó fi í lé Morádéyọ̀ lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń sá ìwé sí àgbàlá. Ròkíátù bọ́ sí àdúgbò, kò sì sí ilé tó dé tí wọn kò já efinrin fún un. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún Olúgbádé ni kó máa lé ewúrẹ́. Ó jókòó sínú oòrùn pẹ̀lú ọ̀pá, ẹnjiníà àtijọ́, bí ewúrẹ́ bá yọjú, á fò dìde, "Ṣíò! Kúrò ńbẹ̀!" Àwọn tó ń kọjá á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà." Á dáhùn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, Morádéyọ̀ jáde sí àgbàlá. Ó mú ìwé kan, ó ṣí i, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Lẹ́tà náà hàn kedere.

"Olúgbádé," ó pè é. "Ẹ wá gbọ́ ohun tí afọ́jú ń kà."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ní èdè tí wọ́n fi fẹ́ ara wọn. Ọkùnrin náà fi ọ̀pá sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìwé àti ìgbẹ́ ewúrẹ́, ó ń gbọ́. Ó ti máa ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti gbàgbé èdè náà. Kò gbàgbé. Gbogbo rẹ̀ ló yé e.