Ọmọ Owú Ilé Ògúnwọlé

Etí kẹ́ẹ̀gì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún Ìbílọlá já, gbogbo yanrìn inú rẹ̀ sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì sókè sódò lẹ́yìn àtíbàbà tí ìyá rẹ̀ ti ń yan gaari, kò mọ̀ pé Limota, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti dé, tó fara ti igi, tó ń wò ó.

"Ìyá oníyanrìn, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Limota wí. "Ṣé ilé lo fẹ́ kọ́ ni, àbí eré lo fẹ́ sá?"

Ìbílọlá gbọn yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀. "Tísà Badmus ló ní kí n máa gbé nǹkan tó wúwo."

"Wọ́n ní kí o gbé nǹkan tó wúwo, wọn ò ní kí o di lébìrà. Wá wo ibí." Limota na fóònù rẹ̀ sí i. Àwọn ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n wọ bàtà eré, tí wọ́n gbé irin dúdú tó ń dán dání, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń dìde. "Ohun tí àwọn ọmọ Ìkàrẹ́ tí a fẹ́ bá sáré ń gbé nìyí. Àwọn ń gbé irin, ìwọ ń gbé yanrìn. Nínú irin àti yanrìn, èwo ló le?"

Ẹ̀rín ni Limota fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Ìbílọlá bí ẹ̀gún.

Ẹni tí wọ́n bí sí Ọ̀kà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń gun òkè. Láti kékeré ni Ìbílọlá ti ń sáré, eré ọ̀nà jíjìn sì ni tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n lọ yan àwọn tí yóò sáré fún gbogbo ilé ìwé Àkókó ní Àkúrẹ́, òun ló ṣíwájú títí wọ́n fi dé òkè tó kẹ́yìn ní Ìkàrẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, tí àwọn tó ti fi sẹ́yìn sì kọjá lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹsẹ̀ rẹ yá," ni Tísà Badmus, olùkọ́ eré ìdárayá wọn, sọ fún un lọ́jọ́ náà. "Itan àti ẹ̀yìn rẹ ni kò lágbára tó láti gbé e délé. Kò dìgbà tí o bá lọ sí ilé ìdárayá. Gbé nǹkan tó wúwo nílé, kódà kó jẹ́ yanrìn, kí o má sì pa ọjọ́ kankan jẹ."

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kì í jẹ́ kí ọjọ́ rọrùn. Láti ìgbà tí bàbá Ìbílọlá ti kú ni Theresa, ìyá rẹ̀, ti kó o padà wá sí agbo ilé bàbá tirẹ̀, Ògúnwọlé alágbẹ̀dẹ. Gaari ni Theresa fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Kí Ìbílọlá tó lọ sí ilé ìwé, yóò ti bó ẹ̀gẹ́. Bó bá dé, yóò gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, yóò fún un, yóò sì bá ìyá rẹ̀ yan án. Ìgbà tí iná bá ń jó lọ́wọ́, tí ìyá rẹ̀ bá ń kọrin ìyìn sí Ọlọ́run nídìí agbada, ni òun máa ń sá lọ sẹ́yìn àtíbàbà lọ gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Limota, kò fẹ́ rí kẹ́ẹ̀gì sójú mọ́. Irin ló fẹ́, ó sì mọ ibi tí irin wà.

Nínú ilé àgbẹ̀dẹ Bàbá Ògúnwọlé, lórí pẹpẹ ẹ̀yìn, ni ọmọ owú àwọn baba ńlá wọn wà. Irin alágbẹ̀dẹ tó wúwo gidi ni, orí rẹ̀ ki pọ́pọ́, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín fún dídìmú. Wọn kì í fi ṣiṣẹ́ mọ́, kì í sì í sí ẹni tó ń yẹ ibẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń gbé e jáde, ní òwúrọ̀ tí gbogbo ìdílé bá pé jọ kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun. Wọn yóò wẹ̀ ẹ́, olúkúlùkù yóò gbé ọwọ́ lé e, yóò sì sọ ohun tó ń bẹ láàárín òun àti ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé. Bàbá a máa wí pé a kì í fi inú dúdú jẹ iṣu tuntun. Theresa, tó jẹ́ ọmọ ìjọ, kì í bá wọn ṣe ètùtù, ṣùgbọ́n òun náà a máa gbé ọwọ́ lé irin náà. Ó ní òótọ́ sísọ kò ta ko ìgbàgbọ́ òun.

Ìbílọlá mọ gbogbo èyí. Ó kàn wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Tí mo bá béèrè, Bàbá á ní rárá." Bẹ́ẹ̀ Bàbá kò sọ rárá fún un rí, òun ni kò béèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Bàbá lọ kí ènìyàn, ó wọ ilé àgbẹ̀dẹ lọ. Ó fẹsẹ̀ kọ irin ṣáàfù ọkọ̀ méjì kúkúrú tí ẹnì kan tò jọ sábẹ́ pẹpẹ. Ó fo wọ́n kọjá, ó gbé ọmọ owú, ó fi aṣọ bò ó, ó sì jáde.

Irin kò ṣe é fi wé yanrìn lóòótọ́. Ó ń gbé e sáyà bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé e dìde. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan gun òkúta, á sọ̀ kalẹ̀, á tún gùn ún. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kó máa rákò lọ sí kíláàsì. Nígbà tó yá, itan rẹ̀ le, ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Ó ń gun òkè ilé ìwé bí ẹni tí wọ́n ń tì láti ẹ̀yìn, Tísà Badmus sì ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn.

Ó ti pinnu láti dá irin náà padà kí ọjọ́ wíwẹ̀ rẹ̀ tó pé. Àmọ́ ní Ọjọ́bọ̀, òógùn mú ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, irin náà já lu àpáta, etí rẹ̀ kan sì ya. Ìbílọlá mú èyí tó ya, ó gbìyànjú láti fi lé e bí ọmọdé tó fẹ́ lẹ ìkòkò tó fọ́. Ó kó èèpo ẹ̀gẹ́ bo irin náà lẹ́yìn àtíbàbà. Ó ní, "Mo máa sọ ọ́ bí mo bá ti Ìkàrẹ́ dé." Ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò sáré ní Ìkàrẹ́, òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà ni ìdílé yóò wẹ irin.

Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́. Ìbílọlá ti múra tán, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú Limota, ó ń retí bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Àwọn ará ilé ti jókòó níwájú ilé àgbẹ̀dẹ. Bàbá rán Abíọ́nà, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti Àjọwá wá, pé kó lọ gbé ọmọ owú wá. Abíọ́nà padà lọ́wọ́ òfo.

"Bàbá, kò sí níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀ báwo?" Rufus, àbúrò Bàbá, ti dìde. "Àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri wá síbí ní Ọjọ́rú. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn?"

"Èmi ni, sà. Páànù tó ti jẹrà ni Bàbá ní kí n tà fún wọn."

"Páànù nìkan kọ́ lo tà, Abíọ́nà. Ọmọ Àjọwá, a fi ilé wa hàn ọ́, o ta baba wa."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo Bàbá. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, tí yóò lọ dá ilé àgbẹ̀dẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kàn ń wo pẹpẹ tó ṣófo.

Bọ́ọ̀sì fun fèrè. Ẹsẹ̀ Ìbílọlá wúwo, ṣùgbọ́n ó wọ ọkọ̀, ó jókòó.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọrin. Limota gún un ní ìgbọ̀nwọ́. "Gbé ojú sókè jàre. Àwọn ọmọ Ìkàrẹ́ á rò pé òkú la gbé wá fún àwọn."

Ìbílọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń rí ojú Abíọ́nà. Abíọ́nà yìí ló máa ń bá a gbé àpò ẹ̀gẹ́ nígbà òjò, tí yóò ní kó má dúpẹ́, kó kàn sáré kó mú orúkọ Ọ̀kà dé Àkúrẹ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wọ Àkùngbá, ó dìde.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró."

Tísà Badmus yíjú padà. "Kí lo gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan, sà. Ẹrù mi ni mo gbé lé ẹlòmíràn lórí. Mo fẹ́ padà lọ gbé e."

"Ìbílọlá, wọn ò ní dúró dè ọ́ o. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ tí o kò sí níbẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọdún kan."

"Mo mọ̀, sà."

Tísà fọwọ́ lu ara bọ́ọ̀sì, awakọ̀ sì dúró. Limota di aṣọ rẹ̀ mú. "Ṣé orí rẹ pé? Ọdún kan gbáko lo fi ṣiṣẹ́ fún òní."

"Ìwọ sá a dáadáa," ni Ìbílọlá wí, ó sì bọ́ sílẹ̀.

Kò dúró de ọ̀kadà. Ó kọjú sí òkè Ọ̀kà, ó sì sáré. Kò sẹ́ni tó ń wo aago, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò tẹ̀. Itan rẹ̀ gbé e. Irin tó jí gbé ló fún un ní agbára tó fi ń sáré padà lọ jẹ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dẹ ẹsẹ̀. "Olúwa, dá Abíọ́nà dúró dè mí," ló ń wí bó ti ń mí hẹlẹ.

Nígbà tó dé, Abíọ́nà ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ìbílọlá kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹ̀yìn àtíbàbà, ó fi ọwọ́ gbá èèpo ẹ̀gẹ́ dànù, ó gbé irin náà sáyà, ó gbé e wá síwájú Bàbá. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni. Mo gbé e láti fi kọ́ ara mi lágbára. Ó já lu àpáta, ó ya. Abíọ́nà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Theresa bo ẹnu. Bàbá fi ìka wá ojú ibi tó ya, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ta ló rán ọ padà?"

"Kò sẹ́ni, Bàbá."

"Eré ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

Bàbá mi kanlẹ̀. "Kì í ṣe èmi lo máa bẹ̀. Gbé ọwọ́ lé e, kọjú sí ẹni tí o ṣẹ̀."

Ìbílọlá gbé ọwọ́ lé irin, ó kọjú sí Abíọ́nà, kò sì gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Ó sọ pé òun gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é lólè, òun sì wọ bọ́ọ̀sì.

Abíọ́nà sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. "Abájọ," ló wí. "Mo ti ń ṣe kàyéfì pé ọmọ yìí ń gbé àpò gaari bí ẹni gbé ìyẹ́ adìyẹ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ara sì tu gbogbo wọn. Bàbá kò tíì rẹ́rìn-ín. "Rufus, ó kù ọ́." Rufus náà wá, ó gbé ọwọ́ lé irin, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ Àjọwá.

Ní ọjọ́ Ajé, Ìbílọlá gbọ́ pé Limota ni wọ́n mú lọ sí Àkúrẹ́. Ó kí i kú oríire, ó sì sunkún nígbà tó dé ilé. Tísà kò lè yí yíyàn náà padà. Bàbá pẹ̀lú kò fi ìyà rẹ̀ jì í: lójoojúmọ́, bí wọ́n bá yan gaari tán, yóò wá fi ẹwìrì fẹ́ iná títí wọn yóò fi tún etí ọmọ owú náà rọ. Ó ń fẹ́ ẹ, iná ń pọ́n, apá rẹ̀ ń ro ó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ náà parí, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Bí ẹ bá rí irin tí kò wúlò, ṣé ẹ lè bá mi rọ ọ́ sí ohun tí mo lè máa gbé?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ pẹpẹ, ó sì fa irin ṣáàfù méjì kúkúrú jáde, àwọn tí Ìbílọlá fo kọjá lọ́jọ́ náà.

"Láti ìgbà tí mo ti rí ọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì yanrìn ni mo ti ya ìwọ̀nyí sọ́tọ̀ fún ọ," ló wí. "Mò ń dúró kí o béèrè ni, kí n lè mọ bí o ti fẹ́ ọrùn rẹ̀."

Ìyá Ìbílọlá sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ọmọ mi. Àwọn tó fẹ́ràn wa lọ́run àti láyé ti fi nǹkan pamọ́ fún wa. Àwa ni a máa ń kánjú jí ohun tí wọn ìbá fún wa."

Ọdún yí po. Lójoojúmọ́, láàárín agbada gaari àti ìwé kíkà, Ìbílọlá gbé irin tirẹ̀. Limota náà a máa wá bá a gbé e, kò sì pè é ní ìyá oníyanrìn mọ́. Nígbà tí ọjọ́ wíwẹ̀ irin tún bọ́ sí ọjọ́ eré, Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ owú, níbi ojú àpá tí iná ti rọ mọ́ ọn.

"Kò sí ohun kan láàárín èmi àti ẹnikẹ́ni nílé yìí," ló wí.

Bọ́ọ̀sì fun fèrè. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Limota, bọ́ọ̀sì sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, agbára dára, ẹ wá a tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ ló ń gun òkè láìru ẹrù. Ẹ má jí ohun tí ẹ lè béèrè; bí ẹ bá sì ti ṣìnà, ẹ padà kí ẹlòmíràn tó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká nítorí yín.